Olórin bá orin ara rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù mi: ta ni olè nínú wa?

Ìbéèrè, láti Kétu ní Bẹ̀nẹ̀:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí ọjà. Mò ń tún fóònù ṣe, mo sì ń fi orin àti fíìmù sínú káàdì àti clé USB fún oníbàárà. Torrent, ètò tí àwọn èèyàn fi ń pín fáìlì láti kọ̀ǹpútà sí kọ̀ǹpútà, ni mo fi ń fa ọ̀pọ̀ wọn wálẹ̀, ìyókù ń ti WhatsApp àti Telegram wá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, olórin kan ní ìlú wa níbí wá pààrọ̀ gíláàsì fóònù rẹ̀, ló bá gbọ́ orin ara rẹ̀ tó ń dún nínú ẹ̀rọ mi. Ó rí i pé mò ń tà á. Ojú gbogbo èèyàn ló ti pè mí ní olè. Èmi ò jí nǹkan kan. Èmi kọ́ ni mo gbé orin náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Orin ọ̀hún ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò dín. Bí mi ò bá tà á, ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí tèmi yóò tà á. Ta ni olè nínú wa? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìwàásù dá mi lóhùn.

* * *

Àbúrò, ìwọ lo jẹ gbèsè. Mi ò ní pè ọ́ ní olè, torí mo mọ bí orúkọ yẹn ṣe ń lẹ̀ mọ́ èèyàn lára ní ìlú tí gbogbo èèyàn ti mọra, ṣùgbọ́n o jẹ ọkùnrin yẹn lówó, ó sì yẹ kí o san án.

Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, ni mo wà, iṣẹ́ gbígba orin sílẹ̀ ni mò ń ṣe. Kí orin kan tó jáde nínú yàrá mi, onílù ti gba tirẹ̀, ẹni tó tẹ dùùrù ti gba tirẹ̀, àwọn agberin ti gba owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ, èmi náà ti gba tèmi. Olórin nìkan ni kò tíì rí fránkì kan gbà. Ọjà ló ń wò. Nígbà tó sì dé ẹnu ọjà, ìwọ ló bá níbẹ̀, o ti gba owó náà.

O ní orin náà kò dín lọ́wọ́ rẹ̀. Òótọ́ ni, fáìlì kì í dín bí a bá dà á kọ. Owó tí oníbàárà mú wá nítorí orin yẹn ńkọ́? Owó yẹn kò di méjì. Ẹ̀ẹ̀kan ló jáde nínú àpò oníbàárà, àpò tìrẹ ló sì wọ̀.

Ti ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí tìrẹ, ó dá mi lójú pé yóò tà á. Òun náà jẹ gbèsè.

* * *

Mo rí i pé ọ̀rọ̀ ti pọ̀ lẹ́yìn mi. Àwọn kan ní torrent gan-an ló yẹ ká bá wí, kí ìjọba dí i pa. Àwọn mìíràn ní torrent kò ní olówó, fáìlì kò sí níbì kan pàtó, nítorí náà kò sí ẹni tí wọ́n lè mú. Mi ò gbà pẹ̀lú ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ní 1999, Shawn Fanning àti Sean Parker gbé Napster, ètò tí èèyàn fi ń pín orin fún ara wọn, jáde ní Amẹ́ríkà. Orin wà lórí kọ̀ǹpútà àwọn èèyàn nílé wọn, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ ohun tó wà lọ́wọ́ oníkálukú, ọ̀dọ̀ Napster ló wà. Àkọsílẹ̀ yẹn ló kó bá wọn. Ilé ẹjọ́ ní, ẹ mọ ohun tó wà níbẹ̀, ẹ yọ ọ́. Ní oṣù keje 2001, Napster ti ilẹ̀kùn. Àwọn tó tẹ̀lé e kọ́gbọ́n. Gnutella, ètò mìíràn irú rẹ̀, kò ní ojúkò tí ẹnikẹ́ni lè tì pa. Bram Cohen gbé BitTorrent tirẹ̀, èyí tí a ń pè ní torrent, jáde ní 2001 kan náà. Òun gé fáìlì sí wẹ́wẹ́, ó fi ìṣirò ṣe àmì fún wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó gbà á lè mọ̀ bóyá ó pé tàbí ó bàjẹ́. Bí wẹ́wẹ́ kan bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ, kọ̀ǹpútà rẹ yóò ti máa fún àwọn mìíràn ní ọ̀kan náà kí ìyókù tó dé.

Àbúrò, ibi tí mò ń lọ nìyẹn. O ní ìwọ kọ́ lo gbé orin sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bó bá jẹ́ torrent lo fi fà á, bí o ṣe ń gbà lo ń fún àwọn mìíràn. Bí wọ́n ṣe ṣe torrent nìyẹn.

Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ náà kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń ṣe Debian, Ubuntu àti LibreOffice, tí wọ́n jẹ́ ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́, ń fi torrent pín iṣẹ́ wọn fúnra wọn. Internet Archive, ilé ìkàwé orí íntánẹ́ẹ̀tì, náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń fi í pín iṣẹ́ oníṣẹ́ láìgba àṣẹ ni ilé ẹjọ́ ń wá. Ẹ̀yin tí ẹ ní kò sí ẹni tí wọ́n lè mú, ẹ gbọ́ èyí: ojú òpó The Pirate Bay ní Sweden kò tọ́jú orin tàbí fíìmù kankan, ọ̀nà tí èèyàn yóò fi rí i nìkan ló ń júwe. Síbẹ̀, ní 2009, ilé ẹjọ́ rán àwọn mẹ́rin tó wà nídìí rẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n ọdún kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mẹ́ta nínú wọn pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní 2010, wọ́n dín oṣù ẹ̀wọ̀n kù, wọ́n sì fi kún owó gbà-máà-bínú, ó di mílíọ̀nù 46 kronor, owó Sweden. Ní Amẹ́ríkà náà, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ ọ́ ní 2005 nínú ẹjọ́ Grokster, ilé iṣẹ́ kan tó ṣe ètò pínpín fáìlì, pé ẹni tó bá pín irinṣẹ́, tó sì ń rọ àwọn èèyàn láti fi rú òfin, yóò pín nínú ẹ̀bi wọn.

* * *

Ọmọ wa tó ń kàwé ní Faransé, tó ní òun ń lo torrent nínú yàrá òun, kò sì sí ẹni tó bi òun ní nǹkan kan: dáwọ́ dúró kíá.

Láti 2009 ni Faransé ti gbé àjọ kan tó ń jẹ́ HADOPI kalẹ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí. Láti oṣù kìíní 2022, iṣẹ́ náà ti bọ́ sọ́wọ́ àjọ tuntun tó ń jẹ́ Arcom. Àwọn tó ni fíìmù máa ń wọ inú torrent náà gẹ́gẹ́ bí ẹnikẹ́ni, wọ́n á kọ àdírẹ́sì IP, nọ́ńbà tí a fi ń dá ìlà íntánẹ́ẹ̀tì mọ̀, ti gbogbo ẹni tó ń pín in sílẹ̀. Ìkìlọ̀ yóò wá. Bí o bá tẹ̀ síwájú, owó ìtanràn lè tó 1,500 euro. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń kọ lẹ́tà sí. O ní ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ lo wà. Orúkọ wọn ni wàá kó sí wàhálà, wọn kò sì ní mọ ohun tó fà á. Ní Jámánì, lọ́yà ló ń kọ̀wé wá tààrà, owó ni wọ́n sì ń béèrè nínú lẹ́tà àkọ́kọ́.

* * *

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ olórin, torí èrò tí ọ̀pọ̀ nínú yín gbé wá jọ òtítọ́, apá kan rẹ̀ sì ni òtítọ́. Ẹ ní àdàkọ ń polówó olórin, pé òde ni àwọn olórin wa ti ń jẹun: ìsìnkú, ìgbéyàwó, ìkómọjáde. Bí orin bá tàn ká, wọn á pe olórin sí òde, wọ́n á ná owó fún un.

Mo gbà pé òde ló ń bọ́ wọn. Ẹ wá ṣí fóònù yín, kí ẹ wo orin tó wà níbẹ̀. AUD, lẹ́yìn náà ọjọ́, lẹ́yìn náà WA0012. Èwo lorúkọ ẹni tó kọ ọ́ níbẹ̀? Bí ẹ bá fi orin ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí ohùn, orúkọ tó wà lára fáìlì yóò sọnù, ẹni tó gbà á yóò tún fi ránṣẹ́, ó di WA0047. Bó bá fi máa dé Kétu tàbí Ṣábẹ, orin náà ti di ọmọ òrukàn.

Obìnrin kan wá bá mi láti Pọ́bẹ̀. Bàbá rẹ̀ kú, ó fẹ́ olórin kan tó gbọ́ lórí fóònù ọmọ rẹ̀, ó ní ohùn yẹn gan-an ni bàbá òun fẹ́ràn. Ó ti béèrè káàkiri, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ó tẹ orin náà fún mi. Olórin pe orúkọ ara rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ ní ìparí orin, bí wọ́n ṣe sábà ń ṣe, ṣùgbọ́n DJ kan ti fi ohùn tirẹ̀ bo ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọwọ́ onígángan ni mo fi dá orin náà mọ̀, torí yàrá mi ni wọ́n ti lù ú. Àdúgbò kejì sí tèmi ni olórin ọ̀hún ń gbé. Mo pè é, inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n nígbà tó máa fi bá obìnrin náà sọ̀rọ̀, àwọn ẹbí ti san àsansílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn lè ní orin yẹn lórí fóònù wọn, kí òde kan má sì tibẹ̀ wá.

Nítorí náà, mi ò ní bá yín jà pé àdàkọ ń polówó. Àdàkọ tó gbé orúkọ dání ló ń polówó. Èyí tí wọ́n ti bọ́ orúkọ lára rẹ̀ ń gba orin lọ́wọ́ olórin, ó sì ń gba òde lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹnì kan ní kí àwọn olórin gbé iṣẹ́ wọn lọ sórí Spotify, ojú òpó tí èèyàn ti ń gbọ́ orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n yéé sunkún. Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Láti 2024, orin tí kò bá tó ẹgbẹ̀rún kan ìgbà tí wọ́n gbọ́ ọ láàárín oṣù 12 kì í mú owó wá níbẹ̀ rárá. Àwọn tó ń gbọ́ olórin Kétu, orí káàdì ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ, nínú oko, lórí alùpùpù, nídìí ẹ̀rọ gàrí. Gbígbọ́ wọn kò sí nínú ìṣirò ẹnikẹ́ni. Ṣọ́ọ̀bù bíi tìrẹ gan-an ni ọjà olórin yìí, àbúrò. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fara mọ́ àwọn tó ní kí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù rẹ pa.

* * *

Ìyá wa tó ń ta fíìmù ní Ouando, ní Àjàṣẹ́ níbí, kọ̀wé pé ohun tí mo sọ nípa òde kò kan fíìmù. Ẹ ṣeun, Ìyá. Òótọ́ lẹ sọ. Kò sẹ́ni tó ń pe fíìmù síbi ìsìnkú. Ẹ ní ẹ máa ń ra ojúlówó láti Èkó, ẹ ń san owó ọkọ̀, ẹ ń san owó lójú ọ̀nà, kí ọ̀sẹ̀ kan sì tó pé, fíìmù kan náà ti wà nínú káàdì àwọn ọmọ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ogún nínú káàdì kan. Páírésì, títa iṣẹ́ oníṣẹ́ láìgba àṣẹ, nìyẹn láìsí àní-àní. Olówó fíìmù kò ní ibòmíràn tí yóò ti rí owó rẹ̀ gbà.

Olùkọ́ wa láti Ṣábẹ wá tẹ̀ síwájú, wọ́n ní ẹni tó gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ láti orí fóònù ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà ń ba ọjà jẹ́, kí n má yọ ọ́ sílẹ̀. Olùkọ́, níbi yìí ni ọ̀nà wa ti yà. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń fi fíìmù hàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, káàdì báǹkì ni ọ̀pọ̀ wọn ń béèrè. Mobile Money ni ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Ṣábẹ ní. Ó fẹ́ sanwó, kò rí ibi tí yóò san án sí. Mi ò lè fi ọmọ yẹn àti ẹni tó ń ta ogún fíìmù nínú káàdì kan sórí ìjókòó kan náà. Ohun tí mo lè bẹ ọmọ náà ni pé kí ó ní sùúrù ní àwọn ọ̀sẹ̀ tí fíìmù ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, torí ìgbà yẹn ni olówó rẹ̀ ń rí owó kó padà.

* * *

Ẹni tó ní torrent jẹ mégà òun tán lóru: bí fáìlì bá ti pé, ẹ̀rọ náà kì í dúró, yóò máa fún àwọn mìíràn lọ, mégà tó ń jáde náà ni wọ́n sì ń kà. Wọ inú ètò rẹ̀, ní kó máa ṣiṣẹ́ lórí Wi-Fi nìkan, kí o sì ní kó dúró bó bá ti gbà á tán. qBittorrent ni mo máa ń lò lórí kọ̀ǹpútà, kò gba owó, kò sì ní ìpolówó. Má fọwọ́ kan fíìmù tí orúkọ rẹ̀ parí sí .exe. Fíìmù kọ́ nìyẹn, ẹni tó fi í síbẹ̀ fẹ́ wọ inú kọ̀ǹpútà rẹ ni.

Ẹni tó béèrè ìdí tí gbogbo èèyàn fi ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ gba nǹkan, tí wọn kì í fà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì fúnra wọn: owó mégà ni. Ẹ ò rántí oṣù kẹsàn-án 2018? Ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ní a ó máa san fránkì 5 lórí mégà kọ̀ọ̀kan fún WhatsApp, Facebook àti irú wọn. Fíìmù mégà 700 tó bá gba ibẹ̀ kọjá ì bá ti di 3,500 fránkì owó orí nìkan. Ariwo sọ, wọ́n fa òfin náà yọ kí oṣù tó parí. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ti mọ Xender, tí fóònù fi ń fún fóònù ní fáìlì láìná mégà, àti káàdì dáadáa, wọn kò sì padà lẹ́yìn wọn.

Olùkọ́, nǹkan kan wà fún yín nínú èyí. Àwọn kan tó ń jẹ́ Kiwix ń fi torrent pín odidi Wikipedia, tèdè Faransé àti tèdè Yorùbá, tí èèyàn lè kà láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹnì kan á fà á lẹ́ẹ̀kan níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti dára, ẹ̀yin á dà á kọ fún gbogbo ilé ẹ̀kọ́ Ṣábẹ, ẹ kò sì jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Ṣọ́ọ̀bù tó ń ta káàdì lè fi í sínú káàdì náà, kí ó gba owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

* * *

Lórí òfin. Òfin 2005-30, tó jáde ní oṣù kẹrin 2006, ló dáàbò bo iṣẹ́ òǹkọ̀wé àti olórin ní Bẹ̀nẹ̀, BUBEDRA sì ni ọ́fíìsì tó ń bójú tó o. Òfin íntánẹ́ẹ̀tì tiwa, èyí tó jáde ní oṣù kẹrin 2018, náà wà níbẹ̀. Ẹni tó ní kò sí òfin ní orílẹ̀-èdè yìí, kó lọ kà wọ́n.

Ẹnì kan ní orin gẹ̀lẹ̀dẹ́ ńkọ́, ṣé kì í ṣe àwọn baba ńlá wa ló ni ín, ta ló wá lè ní kí a má tà á? Orin ìbílẹ̀ jẹ́ ti ìlú, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ohùn ẹni tó kọ ọ́ lóru ẹ̀fẹ̀ yẹn, ẹni yẹn ni ó ni ín, ẹni tó náwó gbà á sílẹ̀ náà sì ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Òfin kan náà ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ gẹ̀lẹ̀dẹ́ yìí ká mi lára púpọ̀. UNESCO kéde rẹ̀ ní 2001, ó sì wọ inú àkọsílẹ̀ ogún àgbáyé tí kò ṣeé fọwọ́ kàn ní 2008, ti Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò lápapọ̀. Bẹ́ẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì orin ẹ̀fẹ̀ àtijọ́ ń jẹrà nínú àpótí ní Kétu, téèpù wọn ti ń lẹ̀ pọ̀. Bí Ìyáláṣẹ̀ àti àwọn àgbà bá fọwọ́ sí i, pínpín láti kọ̀ǹpútà sí kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ fún irú ìyẹn: ẹ̀dà kan ní Kétu, ọ̀kan ní Àjàṣẹ́, ọ̀kan ní Ìmẹ̀kọ, ọ̀kan lọ́dọ̀ ọmọ wa tó wà ní Faransé. Bí ti ẹnì kan bá bàjẹ́, yóò gbà á padà lọ́wọ́ àwọn yòókù. Ẹ sì kọ orúkọ akọrin àti ọdún sí i. Ẹnikẹ́ni tó bá ní irú kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ nílé, kó kọ̀wé sí mi, mi ò ní gba owó kankan láti gbé e sínú kọ̀ǹpútà.

* * *

Àbúrò mi ará Kétu ti padà wá. Ó ní òun lọ bá olórin náà nílé, òun tọrọ àforíjì, àwọn sì jọ sọ̀rọ̀. Olórin fẹ́ ìdajì owó. Àbúrò wa ní ìdámẹ́wàá lòun lè fún un. Ó tún béèrè bí òun yóò ṣe mọ iye orin rẹ̀ tí òun tà nígbà tó jẹ́ pé oníbàárà kan á kàn ní kí òun fi orin kún káàdì rẹ̀ ni.

O káre. Ẹ̀yin méjèèjì tọ̀nà, torí ọjà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Bí oníbàárà bá béèrè orin ọkùnrin yìí ní pàtó, tó gba àwo rẹ̀ odindi, fún un ní ìdajì, kí o kọ ọ́ sínú ìwé bí o ti ń tà á. Ti káàdì tí o ń kún, má ṣe gbìyànjú láti kà á, ẹ ó jà. Ẹ fohùn ṣọ̀kan lórí iye kan lóṣù, ọjà ìbáà yá, ìbáà má yá. Ní kí òun náà ṣèlérí pé ọ̀dọ̀ rẹ ni orin rẹ̀ tuntun yóò ti kọ́kọ́ jáde ní Kétu. Ìyẹn ni yóò jẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí tìrẹ wá bá a fúnra rẹ̀.

Gba fáìlì tuntun lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tí ìparí rẹ̀ pé. Fi Mp3tag, ètò kọ̀ǹpútà kan fún irú iṣẹ́ yìí, kọ orúkọ rẹ̀ àti ti orin sínú fáìlì. Ṣùgbọ́n fóònù kékeré kì í fi gbogbo ìyẹn hàn, nítorí náà kọ orúkọ olórin àti nọ́ńbà rẹ̀ sí orúkọ fáìlì gan-an. Bí o bá ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, fi ránṣẹ́ bí ìwé, má fi ránṣẹ́ bí ohùn, orúkọ rẹ̀ kò ní yí padà. Kọ́ àwọn oníbàárà rẹ náà bẹ́ẹ̀.

Mobile Money ni kí o fi máa san án, kí àkọsílẹ̀ wà lórí fóònù ẹ̀yin méjèèjì. Kí o sì yọ àwọn fíìmù tuntun yẹn kúrò nínú ẹ̀rọ rẹ lónìí. Ìyá tó wà ní Ouando ti ní àwọn yóò fún ọ ní ojúlówó ní owó alátùntà bí o bá dé Àjàṣẹ́.